Ọmọ Tó Sanra Jù àti Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Dì: Ta Ni Yóò Jíhìn?

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa tí Ọlọ́hun fi ọmọ ta lọ́rẹ máa bi ara wa. Bí a bá fi ìfẹ́ bọ́ ọmọ títí oúnjẹ náà fi di ìnira sí i lára, ṣé ìfẹ́ ni a ó ṣì máa pe ohun tí a ṣe? Ta ni yóò sì jíhìn rẹ̀, ṣé ọmọ tí ó jẹ ẹ́ ni, tàbí àgbà tí ó gbé e fún un? Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ti yó ni èyí. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí ẹ bá wa gbé e yẹ̀ wò ní Arárọ̀mí, ìlú etíkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí òkun wà níwájú, tí odò àti irà wà lẹ́yìn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi ẹja pípa gbọ́ bùkátà. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá kan àwọn ọmọ Arárọ̀mí, kò sí ìlú Yorùbá tí kò kàn.

Ní ilẹ̀ wa, a kì í ka ọmọ sísanra sí ẹ̀sùn. Bí ìyá bá gbé ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún wá síbi ìkómọ, tọmọdé tàgbà ni yóò fẹ́ gbé e. Wọn a ní, "Mà ṣáà Allāhu! Ìyá yìí mọ ọmọ tọ́jú." Bí ọmọ bá sì tín-ínrín, ojú ìyá rẹ̀ ni yóò máa tì í, nítorí àwọn aládùúgbò yóò máa bi í bóyá ara ọmọ kò yá ni. Èdè wa gan-an gbè é lẹ́sẹ̀: bí a bá ní ẹnì kan sanra, a yìn ín ni, bí a bá ní ó rù, a káàánú rẹ̀ ni.

Kò yẹ kí a fi àwọn ìyá wa ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí èyí. Wọ́n ní ìdí. Ní ayé tí ìgbẹ́ gbuuru àti ibà ń pa ọmọ bí ẹni ń ká èso, ọmọ tí ó ní ẹran lára ni ó máa ń ní agbára láti là á já. Àwọn tí ó sì rí àwọn ọmọ tí ebi mú ikùn wọn wú nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa, láti 1967 sí 1970, kò lè rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kíkún kí wọ́n má dúpẹ́. Ebi tí ó bá kúrò nínú ìṣẹ́, àwọn àgbà ní ìṣẹ́ bùṣe. Ìyìn tí a ń yin ọmọ tó sanra jẹ́ ọgbọ́n nígbà náà. Ìbéèrè wa ni bóyá ọgbọ́n náà ṣì bá ìgbà tiwa mu.

Ayé ti yí padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 1990, nínú 100 ọmọ ọdún 5 sí 19 lágbàáyé, 8 ni ó sanra ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí yóò fi di 2022, wọ́n ti di 20. Àwọn tí tiwọn ti kọjá ààlà pátápátá nínú wọn, tí àwọn oníṣègùn ń kà á sí àìsàn, jẹ́ 2 nínú 100 ní 1990. Ní 2022 wọ́n ti di 8. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, UNICEF, àjọ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, kéde pé fún ìgbà àkọ́kọ́ lágbàáyé, àwọn ọmọ iléèwé tí àìsàn sísanra jù ń ṣe ti pọ̀ ju àwọn tí ó rù jù lọ. Wọ́n ní apá ilẹ̀ Adúláwọ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, tí àwa náà wà nínú rẹ̀, àti Gúúsù Éṣíà nìkan ni kò tíì rí bẹ́ẹ̀.

Níbí ni ẹnì kan yóò ti dá wa lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ebi ni ó ń pa àwọn ọmọ tiwa." Òótọ́ ni ó sọ. Ìwádìí ńlá tí a ṣe lórí ìlera àwọn ìdílé Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, 37 ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn nítorí àìjẹunre-kánú, nígbà tí àwọn tí ó sanra jù jẹ́ 2 péré. Ní 2007 ẹ̀wẹ̀, àwọn oníṣègùn tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà ní Èkó, tí ó wà ní etí òkun kan náà pẹ̀lú ilẹ̀ Ìlàjẹ. Àwọn tí ó sanra jù nínú wọn kò pé 5 nínú 100, ìbáà ṣe ní ìgboro, ìbáà ṣe ní abúlé. Nítorí náà a kò sọ pé Arárọ̀mí ti kún fún ọmọ tó sanra jù. Ohun tí a ń sọ ni pé àtikékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, a máa gba ẹbọ.

Àìjẹunre-kánú àti sísanra jù kò sì jìnnà síra bí a ti rò. Oúnjẹ tí ó ń kún ikùn láì mú ara dàgbà ni ó bí àwọn méjèèjì. Bí ìyá kan ní etíkun bá kó gbogbo ẹja àti edé rẹ̀ lọ tà ní ọjà Igbókọ̀dá, tí ó wá fi díẹ̀ nínú owó náà ra índómì, bisikíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò bọ̀ fún àwọn ọmọ, oúnjẹ tí ń kọ́ egungun àti ẹran ara ti lọ sí ìlú ńlá nìyẹn, ṣúgà àti ìyẹ̀fun ni ó padà wálé. Ọmọ kan lè kúrú nídìí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, àbúrò rẹ̀ sì lè wú. Ní 2024 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí òpópónà etíkun tí wọ́n ní yóò ti Èkó dé Kàlàbá, tí wọ́n sì ní yóò gba etíkun Oǹdó kọjá. A ń retí ọ̀nà, a sì ń fẹ́ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí yóò máa gbé ẹja lọ náà ni yóò máa gbé àpótí ẹlẹ́rìndòdò bọ̀.

Kí wá ni sísanra jù ọmọdé ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí ń dì? Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ apẹja ṣe àpèjúwe. Bí ọkọ̀ bá lu lójú omi, apẹja a wá nǹkan fi dí ojú ihò náà kíákíá kí omi má bàa rì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́hun ṣe dá ara wa. Bí ìkarahun bá gé ọmọ lẹ́sẹ̀ létí òkun, àwọn horo kéékèèké kan nínú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní platelets, a sáré lọ sí ojú egbò náà, wọn a lẹ̀ mọ́ ara wọn. Lẹ́yìn èyí, èròjà kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ fibrinogen, a yí padà di fọ́nrán tín-ínrín tín-ínrín. Àwọn fọ́nrán yìí a hun ara wọn bí àwọ̀n, wọn a sì mú àwọn horo ẹ̀jẹ̀ pupa bí àwọ̀n ti ń mú ẹja. Ẹ̀jẹ̀ a dì, ìṣàn a dá. Nígbà tí egbò bá ń jinná, òṣìṣẹ́ mìíràn tí à ń pè ní plasmin a dé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọ̀n náà ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan títí ọ̀nà yóò fi mọ́ fún ẹ̀jẹ̀ láti máa lọ.

Ẹ kíyè sí i pé àánú méjì ni Ọlọ́hun fi síbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ń dì, ẹ̀jẹ̀ sì ń tú. Bí kò bá lè dì, egbò kékeré lè pa ènìyàn. Bí ó bá dì tí kò tú, tàbí tí ó dì síbi tí kò sí egbò, ó di ewu. Ẹni tí ó bá ta àwọ̀n sí ẹnu odò tí kò ká a kúrò mọ́, ọkọ̀ tí ń bọ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ẹ̀mí wa dúró lé lórí, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì náà sì ni sísanra jù ń dàrú.

Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oníṣègùn ará Jámánì kan, Rudolf Virchow, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ dídì tí wọ́n ń bá nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn òkú lè jẹ́ èyí tí ó ti inú iṣan ẹsẹ̀ gbéra. Láti ara iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ti ń kọ́ ara wọn pé nǹkan 3 ni ó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì níbi tí kò yẹ. Èkíní ni kí ẹ̀jẹ̀ máa rìn lọ́ra. Èkejì ni kí ògiri iṣan bàjẹ́. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gbára dì ju bí ó ti yẹ lọ. Sísanra jù kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀rá inú ara kàn wà níbẹ̀ bí ẹrù tí a gbé jókòó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá ń ṣiṣẹ́, ó sì ń tú oríṣiríṣi èròjà sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní PAI-1. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di ọwọ́ ẹni tí ń tú àwọ̀n mú. Ní ìwọ̀n tirẹ̀ ó wúlò, nítorí kò yẹ kí a tú àwọ̀n kí egbò tó san. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rá bá pọ̀ jù, PAI-1 náà a pọ̀ jù, títú ẹ̀jẹ̀ a sì falẹ̀. Àwọn ìwádìí tí a ṣe lórí àwọn ọmọ tó sanra jù ti fi hàn pé PAI-1 inú ẹ̀jẹ̀ wọn a máa ga ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, fibrinogen wọn náà a sì máa ga. Ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dà bí ilé tí iná ń jó lábẹ́ eérú. Ẹ̀dọ̀ a máa ṣe bí ẹni pé egbò wà níbì kan, a máa pèsè ohun èlò àwọ̀n sílẹ̀ fún egbò tí kò sí. Ògiri iṣan, tí ó yẹ kí ó máa dán kí ẹ̀jẹ̀ lè yọ́ kọjá, a bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bí ọmọ náà bá tún ń jókòó sídìí tẹlifíṣàn tàbí fóònù láti ọ̀sán di alẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa rìn lọ́ra. Nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pé síbì kan.

A kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan ọmọdé kò wọ́pọ̀ rárá. Nínú 10,000 ọmọ, kò tó ẹyọ kan tí irú rẹ̀ ń ṣe ní ọdún kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí àìsàn mìíràn ti dá dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Sísanra jù ń fi kún ewu náà, pàápàá fún àwọn ọ̀dọ́langba. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó gbà wá lọ́kàn jù ni èyí tí ń lọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, tí kò dun ọmọ, tí ìyá kò sì rí.

Ní 1973, oníṣègùn kan tí ó ń jẹ́ Gerald Berenson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ìlera àwọn ọmọ ìlú Bogalusa, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, Amẹ́ríkà, ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ aláwọ̀ funfun pa pọ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn kan nínú wọn kú ní èwe, ọ̀pọ̀ nípasẹ̀ jàǹbá. Ní 1998, àwọn oníṣègùn náà tẹ ohun tí wọ́n rí nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ 204 lára àwọn olóògbé wọ̀nyí jáde, láti ẹni ọdún 2 dé ẹni ọdún 39. Ọ̀rá ti ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan láti ìgbà ọmọdé. Bí ìsanra, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ bá sì ti pàdé lára ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń pọ̀ tó. Ní ilẹ̀ Denmark, níbi tí iléèwé ti ń wọn àwọn ọmọ tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n wo àkọsílẹ̀ ọmọ 276,835. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2007 fi hàn pé bí ọmọ bá ti tẹ̀wọ̀n tó láàárín ọdún 7 sí 13, ní ìfiwéra pẹ̀lú gíga rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ewu àrùn ọkàn rẹ̀ ṣe ń ga sí i nígbà tí ó bá dàgbà. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ dídì ti wọ̀ ọ́ nìyí: lọ́jọ́ kan, ògiri iṣan tí ó ti bàjẹ́ a ya, ẹ̀jẹ̀ a ṣe bí ẹni pé egbò ni, a sì dì lé e lórí. Iṣan a dí. Bí ó bá jẹ́ ti ọkàn, ẹran ọkàn a bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí ó bá jẹ́ ti ọpọlọ, ó di àrùn ẹ̀gbà. Ẹni ogójì ọdún ni a ó gbé lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa. Nínú ẹ̀sìn wa, a kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì bàlágà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de ìbàlágà kí ó tó máa kọ tirẹ̀. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà jẹ, ara rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun ni ó rà á, tí kò jẹ́ òun ni ó sè é, tí kò sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Gbèsè ni, àgbà ni ó sì jẹ ẹ́. Ọmọ ni yóò san án. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo nìyẹn. Ọmọ jẹ́ àmánà lọ́wọ́ wa, ara ọmọ sì wà lára àmánà náà. Ẹni tí a bá fi ohun ìṣúra pamọ́ sí lọ́wọ́, kò lè ná an kí ó wá sọ pé ìfẹ́ ni ó mú òun ná an.

Àwọn kan yóò ní, "Bí Ọlọ́hun ṣe dá a nìyẹn." Apá kan òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí ìsanra jẹ́ ogún ìdílé fún, ọmọ méjì lè jẹ nínú abọ́ kan náà kí ọ̀kan sanra kí èkejì má sanra. Òótọ́ yìí yẹ kí ó pa ẹlẹ́yà mọ́ wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kádàrá kò fún wa ní àyè láti jókòó tẹtẹrẹ. Kò sí apẹja tí yóò gúnlẹ̀ ní Arárọ̀mí tí kò ní so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èbúté, kí ó wá sọ pé bí omi bá gbé e lọ, àmúwá Ọlọ́hun ni.

Àwọn mìíràn yóò ní, "Kí ni ìyá tí kò lówó fẹ́ ṣe?" Èyí ni ó kan wá lára jù, nítorí kò dára kí a di ẹrù gbogbo ìlú lé ìyá kan lórí. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, omi yí ilé ká, ṣùgbọ́n omi mímu ṣọ̀wọ́n, nítorí iyọ̀ òkun ń wọ inú omi tí ènìyàn ìbá mu. Níbi tí a ti ní láti fowó ra omi, ìyá kan lè rò pé bí owó bá ti fẹ́ jáde, kí òun kúkú ra ohun tí ọmọ yóò gbádùn. Òkun tún ń jẹ ilẹ̀ lọ; ní Ayétòrò, ìlú Ìlàjẹ tí a tẹ̀dó ní 1947, ó ti gba ọ̀pọ̀ ilé àti ilẹ̀. Ọmọ tí kò rí ilẹ̀ tí yóò ti sáré, inú yàrá ni yóò jókòó sí. Nítorí náà, bí a bá ń pín ẹjọ́ yìí, ìjọba ní ìpín tirẹ̀, àwa olórí àdúgbò àti olórí ẹgbẹ́ náà ní tiwa. Ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin ìnáwó ọdún 2021 gbé owó orí ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ẹlẹ́rìndòdò tí ó ní ṣúgà, gbígbà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó orí nìkan kò lè pa òǹgbẹ ọmọ. Ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga omi tó mọ́ sí ìlú etíkun ti ṣe sàráà tí yóò máa ṣàn, ó sì ti ja ìjà yìí ju ẹni tí ó kàn ń bá ìyá wí lọ.

Ohun kẹta tí a fẹ́ tọ́ka sí ni ẹnu wa. Ọmọ tí a ń gbé káàkiri tí a ń yìn ní ọdún méjì ni a ń pè ní òròbó ní ọdún méjìlá. Àwa kan náà ni a yìn ín, àwa kan náà ni a tún ń fi ṣẹ̀sín, ara kan náà sì ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi ara ẹnikẹ́ni pè é lórúkọ ní iléèwé tàbí ní ilé kéwú. Ọmọ tí ojú ń tì kì í jáde lọ ṣeré. Inú ilé ni yóò fara pamọ́ sí, oúnjẹ ni yóò sì fi tu ara rẹ̀ nínú. Ẹlẹ́yà kò dín ọ̀rá kù rí.

Kí ni kí a ṣe? A kò gbọdọ̀ fi ebi pa ọmọ, a kò sì gbọdọ̀ fún un ní oògùn ìfọnù kí ó lè rù. Ọmọdé ṣì ń ga. Bí a bá dá ìsanra rẹ̀ dúró, gíga rẹ̀ yóò bá a. Kí ìyá fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Kí ẹja àti edé tí a pa ní etíkun kọ́kọ́ kan abọ́ àwọn ọmọ wa kí ó tó kan ọjà. Pupuru kì í ṣe ọ̀tá, bí ó bá mọ ní ìwọ̀n, tí ẹ̀fọ́ àti ẹja sì tẹ̀ lé e. Kí omi jẹ́ ohun mímu ọmọ lójoojúmọ́, kí ẹlẹ́rìndòdò sì di ohun ọdún. Níbi ìkómọ, níbi wòlímọ̀, àti níbi ìṣínu nínú oṣù Ràmàdáánì, kí á yé fi ìgò ẹlẹ́rìndòdò díwọ̀n bí a ti bọ̀wọ̀ fún ọmọ tó. Bí ọmọ bá há súrà kan sórí, ẹ̀bùn mìíràn wà ju súìtì lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi wákàtí kan, ó kéré tán, lo ara rẹ̀ dáadáa lójúmọ́. Ọmọ Ìlàjẹ tí ó mọ ọkọ̀ wà, tí ó mọ omi wẹ̀, tí ó ń sá eré lórí iyanrìn, ti ní ohun tí àwọn ọmọ ìlú ńlá ń fi owó wá. Ẹ má jẹ́ kí fóònù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí a sì máa gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wọn gíga àti ìwọ̀n rẹ̀, nítorí ojú wa kì í ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹsẹ̀ kan ọmọ tàbí àgbà bá ṣàdédé wú, tí ó ń dùn ún, tí èkejì kò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi àdí tàbí òróró wọ́ ọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sínú rẹ̀ lè já kúrò kí ó gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bí èémí bá ṣàdédé há ènìyàn, tí àyà sì ń dùn ún, kò sí àkókò láti fi falẹ̀. Níbi tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ dókítà, wákàtí kan tí a fi jíròrò lórí ẹní lè jẹ́ wákàtí tí ó ṣe pàtàkì jù.

Ìròyìn ayọ̀ kan wà pẹ̀lú. Ní 2018, wọ́n tẹ ìwádìí mìíràn jáde láti Denmark lórí ọkùnrin 62,565. Àwọn tí ó sanra jù ní ọmọ ọdún 7, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti padà sí ìwọ̀n kí wọ́n tó pé ọdún 13, tí wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi di géńdé, ewu àtọ̀gbẹ tiwọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò sanra jù rí. PAI-1 náà a máa wálẹ̀ bí ọ̀rá bá ti ń dín kù. Ẹ̀jẹ̀ a máa kọ nǹkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà èwe ó ṣì ń gba ìparẹ́. Ilẹ̀kùn ìrònúpìwàdà tí Ọlọ́hun ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀mí, ó ṣí irú rẹ̀ sílẹ̀ fún ara pẹ̀lú, bí a kò bá pẹ́ jù.

Èrò tiwa nìyí. Ìfẹ́ tí kò ní ìwọ̀n kò tíì di ìfẹ́. Ìfẹ́ ẹni tí ó fẹ́ rí ẹ̀rín ọmọ lónìí nìkan ni. Òbí tí ó fẹ́ ọmọ a máa fi ojú inú wò ó ní ogójì ọdún, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ lè má sí láyé mọ́, a sì bi ara rẹ̀ pé irú ẹ̀jẹ̀ wo ni yóò máa ṣàn nínú iṣan ọmọ òun lọ́jọ́ náà. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ìbáà ṣe nínú oore. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọgbọ́n tí a ó fi ṣọ́ àmánà tí Ó gbé lé wa lọ́wọ́, kí Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ wa dàgbà ní àlàáfíà, kí wọ́n sì sin wá gbẹ̀yìn. Àmín.